Ìmúgbòòrò, àsomọ́ tàbí ilé àkọ́kún?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú làákàyè. Ohun tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí ó yẹ kí á fún ilé tuntun tí wọ́n kọ́ nítorí àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ kò gbà mọ́. Ọ̀gá wa kan dábàá “ìmúgbòòrò”, ẹlòmíràn sì fara mọ́ “àsomọ́”. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò lè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì, ilé-ẹ̀kọ́ Gando ní Burkina Faso ni n ó sì fi ṣàlàyé.

Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando tó kọ́ṣẹ́ káfíńtà kí ó tó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Berlin, ni ó ṣètò ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 2001. Kíláàsì mẹ́ta ni, àlàfo wà láàárín wọn, òrùlé páànù kan ṣoṣo ló sì bo gbogbo wọn. Wọ́n gbé páànù yìí sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, nítorí pé ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí ooru ń fi ojú ọmọ rí. Nígbà tí ọmọ pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n kọ́ òmíràn tó parí ní 2008. Wọn kò wó ògiri, wọn kò sì fa òrùlé àtijọ́ gùn. Bíríkì amọ̀ náà ni wọ́n tún lò, páànù rẹ̀ ga sókè bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àjà tirẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, wọ́n sì fi ihò sílẹ̀ láàárín bíríkì àjà náà kí ooru lè ráyè jáde.

Kí ni wọ́n wá mú gbòòrò níbẹ̀? Ilé àkọ́kọ́ kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan fẹ̀ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ ló gba ọmọ sí i. “Ìmúgbòòrò” dára fún iyàrá tí wọ́n wó ògiri rẹ̀ kí ó lè tóbi, “àsomọ́” sì dára fún èyí tó bá ilé àtijọ́ lo ògiri kan náà. Èyí tó dá dúró, síbẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀ láìsí ti àkọ́kọ́, ni kò tíì lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ a kì í ṣe àjèjì sí i: bí ọmọkùnrin bá gbéyàwó, tí wọ́n sì kọ́ iyàrá fún un nínú agbo ilé, wọn kì í sọ pé àwọn so iyàrá mọ́ agbo ilé, wọ́n ní àwọn kọ́ ọ kún un. Nínú “kọ́ kún” yìí ni mo ti fa “àkọ́kún” yọ, bí a ṣe fa “àfikún” yọ nínú “fi kún”.

Mo mọ àbùkù rẹ̀. Pé “kọ́” ti ẹ̀kọ́ àti “kọ́” ti ilé jẹ́ ohùn kan náà kò bà mí lẹ́rù. Gbólóhùn ló máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni “àkọ́” inú “àkọ́bí”, nítorí ẹni tó bá rí “àkọ́kún” lójijì lè rò pé èyí tó ṣáájú ni, nígbà tó jẹ́ èyí tó tẹ̀lé e gan-an ni à ń wí. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá pé kí ọ̀rọ̀ náà má ṣe dá rìn, kí “ilé” máa ṣíwájú rẹ̀: “Ní 2008 ni wọ́n parí ilé àkọ́kún ilé-ẹ̀kọ́ Gando.” Iṣẹ́ kíkọ́ ọ gan-an lè jẹ́ “ìkọ́kún”. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó yẹra fún “àkọ́” pátápátá, tí kò sì dá wa padà sórí ìmúgbòòrò, kí ó jọ̀wọ́ gbé e síwájú wa.