Áńtẹ́nà ọkọ̀ tí kò gbóhùn jáde mọ́: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Rẹ́wáyà Ìlọrin:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà ni mo gbé wá, ti rédíò tí a fi ń sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Ìdí rédíò ọkọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, kí GSM tó dé ní 2001. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ lójú pópó, rédíò ni wọ́n fi ń pe dírẹ́bà. Ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìfi mítà SWR wò ó, èyí tó ń fi hàn bí agbára tó ń ti áńtẹ́nà padà sínú rédíò ṣe pọ̀ tó; bí ó bá ti súnmọ́ 1 tó ló dára tó. Áńtẹ́nà ayé ìgbà náà, irin gidi tí kì í dípẹtà ni, sípíríǹgì wà ní ìdí rẹ̀, síkúrù kékeré sì wà tí a fi ń há irin náà mọ́lẹ̀ bí a bá ti rí gígùn tó bá a mu. Ẹ̀ka igi á gbá a, á tẹ̀, á sì tún dìde.

Ní ọdún tó kọjá, àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú wa nílẹ̀ Ìsin ra rédíò sínú Hilux wọn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará ibẹ̀ mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́nà oko, àwọn ibì kan sì wà tí fóònù kì í ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Rédíò náà dára, wáàtì 25 ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í tíì jìnnà sílé tí ohùn wọn á ti máa já. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí wọn pè mí, ó ní, "Àbúrò, owó ìlú la kó lé nǹkan yìí o, a ò sì gbọ́ ara wa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọkọ̀ náà wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé agbára tí áńtẹ́nà kò bá gbà, inú rédíò ló ń padà sí. Bí SWR bá ti tó 3, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára yẹn ló ń padà, ó sì lè jó ẹ̀yà tó ń ti ohùn jáde. Mo fi mítà sí tiwọn, ó kọjá 3.

Ara páálí áńtẹ́nà náà, wọ́n kọ ọ́ pé láti 136 dé 174 megahertz (ìwọ̀n ìgbì tí rédíò ń lò) ló ń ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Ẹ fi iye megahertz yín pín 75, ohun tó bá jáde ni gígùn tó yẹ irin yín ní mítà, ẹ ó kàn gé e kù díẹ̀. Ti 136 á tó sẹ̀ǹtímítà 55, ti 174 á tó 43. Báwo ni irin kan ṣoṣo ṣe fẹ́ gùn tó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Síkúrù tí à bá tú láti fi tún un ṣe kò sí níbẹ̀. Gúlúù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo tú wáyà rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ họ èyí tó wà láàárín tó ń dán bíi bàbà, funfun ló jáde: alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Kí n má purọ́, ìyẹn nìkan kọ́ ló burú jù, nítorí pé ní irú ìgbì yìí, awọ òde wáyà ni iná ń gbà. Kíkán ni tirẹ̀, bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bá ti ń fún un lójoojúmọ́. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni wáyà híhun tó yí i ká. Ó fọ́nká débi pé mo ń rí rọ́bà funfun abẹ́ rẹ̀. Ní ẹnu rẹ̀ tó wọ inú rédíò, wọn ò jó òjé sí i rárá, wọ́n kàn fi irin fún un pọ̀ ni. Wọ́n sì tún wá gbé òòfà tó fi ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ lé orí irin káríà, nígbà tó jẹ́ pé páànù òrùlé ọkọ̀ ni ìdajì kejì áńtẹ́nà. Ẹni tí kò bá fún un ní òrùlé, ìdajì áńtẹ́nà ló ń lò.

Inú àpótí tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ ni mo ti mú irin àtijọ́ kan. Mo wá wáyà 50 ohm, irú èyí tó bá rédíò náà mu, tó jẹ́ ojúlówó, mo jó òjé sí i, mo gbé e sí àárín gbùngbùn òrùlé, mo wá ń gé irin náà díẹ̀díẹ̀, mo ń wọ̀n ọ́n, títí SWR fi dé 1.3. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n pè láti ẹ̀bá Omù-Àrán, ẹni tó wà nídìí rédíò ní Òwù-Ìsin gbọ́ wọn ketekete. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí mo bá rántí pé wọ́n ti ń gbé ìyẹn tàkọ́kọ́ wọ igbó lóru.

Ọmọ Ọ̀ffà ní Texas:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Tírélà ni mò ń wà níbí, CB, irú rédíò tí a fi ń sọ̀rọ̀ láti ọkọ̀ sí ọkọ̀, la sì ń lò: 27 megahertz, ṣánẹ́ẹ̀lì 40, wáàtì 4 péré. Orí ṣánẹ́ẹ̀lì 19 ni gbogbo onítírélà wà. Bí ẹ bá fi ìṣirò yín ṣe é, áńtẹ́nà wa ì bá tó mítà 2.7, tírélà fúnra rẹ̀ sì ti ga ju mítà 4 lọ. Bíríjì á ká a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ká wáyà mọ́ ọn lára láti fi dípò gígùn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń rẹ́ wa jẹ. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní, mo gbé e láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Èyí tí mo rà kẹ́yìn, kò tó oṣù mẹ́ta tí omi fi wọ ìdí kọ́ìlì rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, SWR á gòkè. Bí oòrùn bá ràn, á sọ̀ kalẹ̀.

Ṣánẹ́ẹ̀lì 1 àti 40 ni mo máa ń wọ̀n. Bí ti 40 bá ga ju ti 1 lọ, ó gùn jù. Bí ti 1 bá ga jù, ó kúrú. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ojú síkúrù náà họ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ọṣẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà pín nínú ẹ̀bi o. Ara tírélà tuntun, fáíbà ló pọ̀ níbẹ̀, kò sí irin tí áńtẹ́nà máa dúró lé. Wáyà ni mo fà láti ìdí rẹ̀ lọ sí ara ṣáńsí kí ó tó gbọ́ràn.

Onítákísì, Ìlọrin:

Tèmi ti rédíò ìròyìn ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo yọ irin gígùn tó bá ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi wá, mo fi èyí kúkúrú tó rí bí lẹbẹ ẹ̀yìn ẹja ṣáàkì (shark) sí i, torí pé ó wuyì. Láti ìgbà yẹn, Harmony FM 103.5 tó wà ní Ìdọ̀fìàn níbí, kí n tó dé Omù-Àrán ó ti ń hó. Nígbà tí a tú u, wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n fi ọwọ́ lọ́ mọ́ra ni mo bá nínú rẹ̀. Ṣé kí n lọ wá irin mi àtijọ́ ni?

Rẹ́wáyà Ìlọrin:

Ẹ lọ wá a, sà. Irin tó tó sẹ̀ǹtímítà 72 ló bá 103.5 mu, tiyín àtijọ́ kò ní jìnnà sí i. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ má yọ ọ́ wá lọ́wọ́, ẹ gbé ọkọ̀ náà wá. Orí òrùlé tó máa gbé e ni mo ti ń wọ̀n ọ́n, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì wà ní títì.