Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí súkúrúdíráfà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń tún ṣe n'Íbàdàn. Àwọn súkúrúdíráfà olówó pọ́ọ́kú tí mò ń rà kì í pẹ́ tí ẹnu wọn fi ń jẹ, wọ́n á wá bó orí súkúrù kábúrétọ̀. Mo mọ̀ pé alágbèlébùú ò rí bákan náà: PH2 (irú Phillips, ìwọ̀n 2) ò bá súkúrù PZ2 (irú Pozidriv, ìwọ̀n 2) mu dáadáa, JIS, ìyẹn irú tó bá ìlànà àwọn ará Japan mu, tún yàtọ̀. JIS yìí gan-an ló jẹ mí lógún, torí ó pọ̀ lára Honda àti Yamaha àtijọ́. Ṣé Vessel, súkúrúdíráfà ilé-iṣẹ́ Japan kan, ni kí n tu owó jọ rà? Báwo lẹ ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ lọ́jà? Epo ẹ́ńjìnnì ni mo fi ń nù wọ́n nígbà òjò, kí wọ́n má baà dípẹtà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ ńkọ́, ṣé ó ṣeé fi fáìlì pọ́n?