Mo fẹ́ máa po ṣáńpù fúnra mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onírun Líle:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń rẹ́ ọṣẹ sínú omi gbígbóná, tí mo ń fi wàrà àgbọn àti òróró díẹ̀ sí i, tí mo sì ń fi fọ irun mi. Nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú. Èkíní ni pé bí irun mi bá ti gbẹ, ńṣe ló máa ń le gbagidi, tí nǹkan funfun kan á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èkejì ni pé kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìgò náà á ti wú, bí mo bá sì ṣí i, òórùn kíkan ni yóò kọ́kọ́ pàdé mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ ti ń ní kí n máa ṣe é tà. Ṣé kí n tún èyí tí mò ń pò yìí ṣe ni, àbí kí n dà á nù? Irinṣẹ́ wo sì ni kí n kọ́kọ́ rà?

Apọṣẹ Àgbà:
Ẹ dà á nù. Kì í ṣe pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọṣẹ ni ẹ pò, ẹ kò po ṣáńpù. Ọṣẹ tí a fi epo àti sódà ṣe máa ń ní pH (òǹkà bí nǹkan ṣe kan tó: 7 ni àárín, ohun tó bá kan máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀) tó wà láàárín 9 sí 10, bẹ́ẹ̀ nǹkan tó kan díẹ̀, ní nǹkan bí 5.5, ni ara awọ orí ń fẹ́. Bí ọṣẹ bá kan irun, àwọn ìpẹ́ wẹ́wẹ́ tó bo ara irun á dìde, wọn á sì máa há mọ́ ara wọn, ìdí nìyẹn tí ó fi ń le. Nǹkan funfun yẹn ni ohun tí ọṣẹ ń dà nígbà tí ó bá pàdé kálísíọ̀mù àti magnesium inú omi. Kí ẹ má sì rò pé ẹ lè fi ọtí kíkan tún un ṣe, nítorí pé bí ẹ bá fa pH ọṣẹ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò túká padà di ọ̀rá lójú yín.

Èyí tí mo máa ń pò fún ilé ara mi nìyí, fún gíráàmù 1000: omi distilled (omi tí a sè, tí a sì gba ooru rẹ̀ padà di omi) gíráàmù 710, SLES oníkíki (èyí tí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ èròjà ìfọdọ̀tí gan-an) gíráàmù 140, cocamidopropyl betaine (èròjà ìfọdọ̀tí kejì, tó rọ̀ ju SLES lọ) gíráàmù 100, gilisẹríìnì 20, panthenol (tó ń mú irun rọ̀) 10, èròjà agbóguntì-kòkòrò 10 (èmi ń lo àpòpọ̀ phenoxyethanol àti ethylhexylglycerin), lọ́fíńdà 5, àti iyọ̀ 5 láti fi bẹ̀rẹ̀. Ohun gbogbo ni ẹ ó wọ̀n, títí kan omi. Ẹ má ṣe fi ife tàbí ṣíbí díwọ̀n. SLES máa ń ki bí oyin tó ti dì, nítorí náà ẹ máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì rọra máa rò ó. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ ìlọta sí i yóò rí ìhó dípò ṣáńpù. Mo máa ń fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ìhó náà lè rọlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ń fi àwọn yòókù sí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi awò dáàbò bo ojú yín, torí SLES tí a kò tíì fi omi là máa ń ta ojú gidigidi.

Mo Jìyà Iyọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí iyọ̀ yẹn, nítorí pé mo ti fi kílò 5 kọ́gbọ́n. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Mo bu èkejì, ó ki títí tí igi tí mo fi ń rò ó fi dá dúró láàárín ike. Inú mi dùn, mo ní kí n fi díẹ̀ lé e kí ó lè dán mọ́rán. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti yọ́ pẹ̀ẹ̀ bí omi, kò sì sí ohun tí mo ṣe tí ó tún ki mọ́. Bí iyọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ní ibi tí ó ń gbé nǹkan dé, bí a bá kọjá ibẹ̀, ó tún ń já a wálẹ̀. Nísinsìnyí, mo máa ń po iyọ̀ gíráàmù 20 mọ́ omi gíráàmù 80, mo sì ń kán an sínú ṣáńpù gíráàmù 100 péré nínú ife kékeré, mo ń wọ̀n ọ́n, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ike ńlá. Lọ́fíńdà pẹ̀lú máa ń yí bí ó ṣe ki padà, torí náà òun ni kí ó ṣáájú iyọ̀.

Ìyá Oníìgò:
Ìgò tó wú yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Afẹ́fẹ́ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń tú jáde bí wọ́n ti ń jẹ wàrà àgbọn ni ó wú u. Ibi tí omi bá wà, tí oúnjẹ sì wà fún wọn, wọn kì í tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń fi fítámì E sí i pé òun ni kò ní jẹ́ kó bàjẹ́. Fítámì E kì í pa kòkòrò, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí òróró má baà tètè bu. Èyí tó léwu jù ni pé ṣáńpù lè kún fún kòkòrò kí ó má rùn, kí àwọ̀ rẹ̀ má sì yí padà. Pseudomonas, kòkòrò àìfojúrí kan tí ó fẹ́ràn omi púpọ̀, lè ba ojú ènìyàn jẹ́. Bí ẹ bá yan sodium benzoate àti potassium sorbate ṣe èròjà agbóguntì-kòkòrò yín, ẹ jẹ́ kí pH wà ní nǹkan bí 5, torí agbára wọn ń dínkù bí pH bá ṣe ń gòkè.

Aláwọ̀ Rírọ̀:
Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dára, ṣùgbọ́n SLES máa ń gbẹ irun tèmi. Decyl glucoside, èròjà ìfọdọ̀tí mìíràn tó rọ̀, ni mo ń lò. Mo kìlọ̀ ṣá o: òun fúnra rẹ̀ lè ní pH tó lé ní 11, nítorí náà citric acid (èròjà kíkan tó ń fa pH wálẹ̀) tí yóò gbà yóò pọ̀, iyọ̀ kì í sì í mú un ki, xanthan gum (ìyẹ̀fun tó ń mú nǹkan ki) ni ẹ ó lò. Ó sì wà níbẹ̀ pé ènìyàn lè yẹra fún omi pátápátá: ṣáńpù oníyẹ̀fun ni Hans Schwarzkopf bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Berlin ní 1903, èyí tí wọ́n ń po mọ́ omi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó.

Apọṣẹ Àgbà:
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ ọwọ́ èyí tó rọrùn ná.

Ọlọ́jà Ṣọ́ra:
Ní ti títà, ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kankan. Ẹ po ọ̀kan, ẹ pín in sí ìgò mẹ́ta, ẹ gbé ọ̀kan sí ibi tó móoru, ọ̀kan sínú fíríìjì, ọ̀kan sórí pẹpẹ, kí ẹ sì máa wo àwọ̀, òórùn, bí ó ṣe ki àti pH wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní àjọ tí ń bójú tó ohun ìṣaralóge, ẹ sì ní láti mọ òfin tiwọn, kí ẹ sì gbé ṣáńpù náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò tí ń yẹ kòkòrò wò. Gbogbo èyí tí ẹ bá pò papọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà lára ìgò, kí ẹ sì fi ìgò kan pamọ́ nínú wọn, kí ẹ lè rí nǹkan yẹ̀ wò bí oníbàárà bá padà wá pẹ̀lú ẹjọ́. Ẹ má sì kọ ọ́ sára ìgò pé ó ń wo ìpẹ́ orí tàbí pé ó ń hu irun, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó láti sọ ṣáńpù di oògùn lójú òfin.

Onírun Líle:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti dà á nù, mo ra òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù àti bébà pH, mo sì po gíráàmù 200 ti Ẹ̀gbọ́n Apọṣẹ. Ó ki dáadáa, ṣùgbọ́n bébà náà ń kà 7. Kí ni kí n ṣe?

Apọṣẹ Àgbà:
Ẹ po citric acid gíráàmù 1 mọ́ omi gíráàmù 9. Ẹ kán an sí i ní ẹ̀kán mélòó kan, ẹ rò ó dáadáa, ẹ tún fi bébà wò ó, kí ẹ sì dúró bí ó bá ti dé 5.5. Ẹ kọ iye ẹ̀kán náà sílẹ̀.