Ìdí, okùnfà, gbòǹgbò: èwo ni ká mú?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń múra ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ níbí ní Ìbàdàn ló béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe root cause analysis ní Yorùbá, ìyẹn iṣẹ́ tí olùwádìí máa ń ṣe kó tó dáwọ́ lé ìwádìí lórí ìṣòro ìdàgbàsókè, kó lè mọ ohun tó ń fa ìṣòro náà gan-an. "Ìtúpalẹ̀ gbòǹgbò okùnfà" ni òun fúnra rẹ̀ dábàá. Àwọn kan ní kó jẹ́ "orísun ìṣòro", àwọn kan ní "ìpilẹ̀ṣẹ̀", alàgbà wa kan láti Ọ̀yọ́ sì mú "egbò" wá. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó yẹ ni "ìdí", mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé mo ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè fún àwọn olùwádìí, mo sì ń bá wọn lọ sí abúlé. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, a lọ bá àwọn obìnrin onígàrí ní abúlé kan lágbègbè Akínyẹlé. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo bá lọ ti ya igi ńlá kan sórí páálí: ara igi ni ìṣòro, ẹ̀ka ni ohun tí ìṣòro ń bí, gbòǹgbò ni ohun tó ń fà á. Ọ̀kan nínú wọn ka ìbéèrè tí èmi alára túmọ̀: "Kí ni gbòǹgbò okùnfà ìṣòro yín?" Gbogbo wọn dákẹ́. Màmá kan tó jókòó ti agbada, tó ń fi àfọ́kù igbá ro gàrí, wo páálí náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, igi wo nìyí?" Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Mo pa ìwé dé. Mo bu gàrí díẹ̀ nínú àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tutù lọ́wọ́, ó ti ń ṣù pọ̀, òórùn rẹ̀ sì ti yí padà. Mo ní, "Màmá, gàrí yìí ti ń bu. Kí ló wà nídìí ẹ̀?"

"Kò gbẹ dáadáa ká tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni."

Kí ló wà nídìí ìyẹn? Igi ìdáná tutù, ó sì wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan ṣì lómi lára, igi tó yẹ kó yan agbada mẹ́ta, méjì ló ń yan. Kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ fi lómi lára? Jáàkì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tò sí láti tẹ̀ ẹ́. Àpò rẹ ò tíì ro omi rẹ̀ dà nù tán tí ẹlòmíì á ti ní kó o gbé e kúrò. Ṣé jáàkì kan ṣoṣo ni abúlé ní? Rárá, méjì ni. Èkejì wà lẹ́yìn ilé, koríko ti bò ó. Àwọn kan ló gbé e wá fún wọn ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, irin àárín rẹ̀ tẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó tún un ṣe, torí wọn ò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Màmá yìí sọ gbogbo rẹ̀ láì dáwọ́ igbá dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gàrí bíbu fìdí kalẹ̀ sí nìyẹn: irinṣẹ́ tí kò ní baba. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ wa pè ní ìṣòro ni "àìsí ẹ̀rọ ìgbàlódé". Ká ní ìwé yẹn la tẹ̀lé ni, jáàkì kẹta là bá rà, koríko ì bá sì bo òun náà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí "àìsí" yìí, torí èdè wa wà lára ohun tó ń tì wá sínú àṣìṣe náà. "Àì" ti dẹ̀ wá lẹ́nu jù: àìsí omi, àìtó oògùn, àìlówó lọ́wọ́, àìmọ̀kan. Ẹni tó bá kọ "àìsí kànga" ti dáhùn kó tó béèrè, kànga ló fẹ́ gbẹ́. Àjọ GTZ ti ilẹ̀ Jámánì, tó mú kí yíya igi ìṣòro gbilẹ̀ nínú ètò ìdàgbàsókè láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, fi í sínú ìlànà wọn pé a kì í fi àìsí ojútùú ṣe ìṣòro. Ohun búburú tó wà nílẹ̀, tí ojú ń rí, ni ká kọ. "Àwọn ọmọ ń ṣu gbuuru" ni ìṣòro, "àìsí kànga" kọ́, ó sì lè jẹ́ pé inú kèrègbè tí wọ́n fi ń gbé omi wálé ni ìdọ̀tí ti ń wọ omi. Láti ọdún tó kọjá, n kì í fi "àì" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ìṣòro mọ́ nínú ohun tí mo bá túmọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni mo ń lò: gàrí ń bu, omi ń ya wọlé, tòmátì ń rà kó tó dé Bódìjà.

Ó wá ku àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ mú wá. "Okùnfà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ burúkú, mi ò sì ní ká sọ ọ́ nù. Okùn ni, ó ń fa nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lórí rédíò: ohun tó ṣokùnfà ìjàǹbá ọkọ̀, ohun tó ṣokùnfà ìjà. Ohun tó fa nǹkan lulẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Ẹ rántí omíyalé odò Ògùnpa níbí ní Ìbàdàn, ti 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980. Òjò ló ṣokùnfà rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ní 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, òjò tún rọ̀, omi tún gbé ilé àti èèyàn lọ nígboro Ìbàdàn, afárá Àpẹ̀tẹ́ sì wó. Ọdún 31 ló wà láàárín méjèèjì, òjò náà ló sì ṣokùnfà wọn. Ṣé òjò la fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí? Ilé tí a kọ́ sétí odò wà nídìí rẹ̀, pàǹtírí tí a ń dà sójú àgbàrá wà nídìí rẹ̀, àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀ sì wà nídìí pàǹtírí yẹn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

"Orísun" ń sọ ibi tí nǹkan ti ń ṣàn wá, kò sọ ohun tó mú un ṣàn. "Ìpilẹ̀ṣẹ̀" ń sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lè má sí nílé mọ́ kí ọ̀rọ̀ ṣì máa bá a lọ. Ọjọ́ kan ni irin jáàkì yẹn tẹ̀. Ohun tó fi í sínú koríko títí di òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan.

"Egbò" wù mí. Òun ló wà nínú egbògi, àwọn àgbà sì mọ̀ pé egbò igi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ "egbò ìṣòro" fún ọmọ ogún ọdún, egbò ojú ẹsẹ̀ ló máa gbọ́, a ó sì máa ṣàlàyé títí.

Ní ti "gbòǹgbò okùnfà", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì la kàn tò síra, lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn kì í ní gbòǹgbò. Gbòǹgbò tí a sì mọ̀ jù lẹ́nu ni èyí tó yọrí sójú ọ̀nà, tí à ń fẹsẹ̀ kọ. Ohun tí à ń wá yìí kì í yọrí.

Ìdí ni mo mú, torí ìdí igi àti ìdí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwòrán igi tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn yà sórí páálí ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú páálí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ sì wo "ìwádìí" fúnra rẹ̀: wíwá ìdí ni. Àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn kò ní iye orí tí a kà sínú tábìlì lọ́kàn, ohun tó wà lábẹ́ ni wọ́n ní ká lọ wá. Ní Ìbàdàn yìí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, ti èso àti ewébẹ̀ wà ní Ìdí-Iṣin. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí "ìdí" yẹn lára pátákó.

Ẹnì kan sọ pé ìdí tún jẹ́ ẹ̀yà ara, pé àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín lọ sí ìdíkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń tijú pé Ìdí-Arẹ́rẹ́ lòun ń gbé.

Ibì kan wà tí "ìdí" ti kù díẹ̀ káàtó. Igi kan, ìdí kan ló ní, ìṣòro kan sì lè ní ohun mẹ́fà tó ń fà á. Àwọn ará Japan ní ọ̀nà méjì sí èyí. Ti Sakichi Toyoda, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ, ni bíbéèrè "kí ló dé" lẹ́ẹ̀marùn-ún, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń tọ̀. Kaoru Ishikawa, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, ya tirẹ̀ bí egungun ẹja, kí ohun púpọ̀ lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí a bá ti fẹ́ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán, ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò, ká sì pe gbogbo wọn ní ìdí. Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yin tó ń jà fún gbòǹgbò.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? "Ìtúpalẹ̀" ni kí a tú nǹkan sílẹ̀ kí a máa wò ó. Èèyàn lè tú u palẹ̀ kó má tẹ̀ lé e dé ibì kankan. Ohun tí màmá yẹn ṣe fún mi ju ìyẹn lọ. Ó fa gbùrù, gbùrù fa igbó. Ìtọpinpin ni. Nítorí náà, "ìtọpinpin ìdí ìṣòro" ni mo fi sílẹ̀ níwájú yín, pẹ̀lú "àmì" fún ohun tí ojú ń rí, àti "okùnfà" fún ohun tó sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú lè sọ "ìtọdìí", bí a ṣe sọ ìwádìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa rí lẹ́nu àwọn onígàrí kí n tó fọwọ́ sí i. A ń padà lọ sí Akínyẹlé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà kí wọ́n fi páálí sílẹ̀ nílé.