Ajẹbakitéríà, àbí kí ni ká pè é?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé àlàyé fún àwọn aláìsàn tí eegun tàbí oríkèé wọn ti kẹ̀ béèrè ohun kan tí mo rò pé ó ju ọ̀rọ̀ orúkọ lásán lọ. Ìwé náà dá lórí ìtọ́jú tí wọ́n ń fi àwọn fáírọ́ọ̀sì kan ṣe, àwọn tí kì í bá ènìyàn jà rárá, tó jẹ́ pé inú bakitéríà nìkan ni wọ́n ti ń bí sí i, tí wọ́n sì ń pa bakitéríà náà nígbà tí wọ́n bá bí tán. "Bacteriophage" ni wọ́n ń jẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì; kí ni ká wá máa pè wọ́n ní Yorùbá? Ẹ̀gbọ́n dá a lábàá pé kí á pè wọ́n ní "kòkòrò ajẹkòkòrò". Àbúrò wa kan láti Kétu ní ilẹ̀ Benin ní kí á má wulẹ̀ da ara wa láàmú, kí á ya orúkọ Faransé lò, kí á máa pè é ní "fáàjì". Ẹnìkẹta ní "àfòmọ́" ló yẹ ẹ́ jù. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Agbára tó wà nínú "kòkòrò ajẹkòkòrò" ni pé kò sí ẹni tí kò ní yé. Ìyá àgbà tí kò ka ìwé rí yóò mọ̀ pé ohun kan ń jẹ ohun kan. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹrù tí a ti gbé ru "kòkòrò" nínú èdè wa ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Kòkòrò ni eéṣú, kòkòrò ni ìdin, kòkòrò ni aràn inú ọmọdé, kòkòrò ni fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò náà sì ni bakitéríà. Bí mo bá gbọ́ "ajẹkòkòrò" láìsí àlàyé, ọ̀pọ̀lọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, tàbí ọmọńlé tó ń dọdẹ eṣinṣin lára ògiri. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń jẹ àti ohun tó ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ láàárín fáírọ́ọ̀sì àti bakitéríà gan-an ni gbogbo ìtọ́jú yìí dúró lé. Ẹ sì tún ro ti ẹni tí wọn yóò ka ìwé náà sí létí: orúnkún rẹ̀ wú, ó ti ń lo oògùn láti ọ̀pọ̀ oṣù nítorí kòkòrò, ẹnìkan wá dé pé òun fẹ́ fi kòkòrò mìíràn kún un.

Ti "fáàjì" kò gba àsọjù. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà yóò máa pè é ní "féèjì". Ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Sákétẹ́, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé-ìwé, "fáàjì" ni yóò máa jẹ́. Ohun kan náà yóò wá ní orúkọ méjì nínú èdè kan, ọ̀kan nínú méjèèjì yóò sì fara jọ fàájì tí à ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé, débi pé bí ẹnìkan bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ohun tí aláìsàn yóò kà ni pé dókítà fẹ́ fi fàájì sí òun lórúnkún.

"Àfòmọ́" ló dùn mọ́ mi nínú jù, òun náà ló sì pẹ́ jù kí n tó lè kọ̀ ọ́. Ẹni tó mú un wá ronú jinlẹ̀: ẹ̀dá tí kò lè dá dúró, tó jẹ́ pé ara ẹlòmíràn ló ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Òótọ́ sì ni pé fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ bakitéríà. Púpọ̀ nínú wọn ní orí àti ìrù, ìrù ni wọ́n fi ń dì mọ́ ọn kí wọ́n tó ti ohun àjogúnbá tó wà nínú orí wọn wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn àgbà wí nípa àfòmọ́? Wọ́n ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Òwe yìí ló ba àbá náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀dá tí à ń wá orúkọ fún kì í bá igi gbogbo tan. Èyí tó ń pa bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus kì í fọwọ́ kan òmíràn tó ń jẹ́ Pseudomonas. Kódà bí wọ́n bá gba Staphylococcus aureus lára aláìsàn méjì, ó lè pa ti ọ̀kan kó má lè ṣe ti èkejì ní nǹkan kan, bóyá nítorí pé ibi tí ìrù rẹ̀ fẹ́ dì mú lára bakitéríà náà kò sí tàbí pé ó ti yí padà. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi máa ń kọ́kọ́ gba bakitéríà lára aláìsàn, tí wọ́n á gbìn ín sínú abọ́, tí wọ́n á sì kán oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì lé e lórí. Ibi tí èyí tó bá a mu bá kán sí, bakitéríà yóò kú níbẹ̀, ojú ibẹ̀ yóò sì mọ́ gaara láàárín àwọn tó kù. Èyí yàtọ̀ sí oògùn apabakitéríà tí a mọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa bakitéríà inú ìfun tó ń ṣe wá láǹfààní mọ́ èyí tó ń yọ wá lẹ́nu. Bí a bá wá sọ ẹ̀dá tó ń ṣàṣàyàn tó báyìí ní orúkọ tí òwe ti so mọ́ igi gbogbo, orúkọ náà yóò máa purọ́ mọ́ ọn. Ká má tilẹ̀ sọ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè ti gba "àfòmọ́" lọ́wọ́ àgbẹ̀. "A-" tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tèmi yìí, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

"Ajẹbakitéríà" ni àbá tèmi. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní irọ́ ni "jẹ" inú rẹ̀, pé ohun tí kò lẹ́nu, tí kò léyín, tí kò níkùn kò lè jẹ nǹkan. Bí ohun àjogúnbá rẹ̀ bá ti wọlé, ṣe ni bakitéríà yóò di òṣìṣẹ́ rẹ̀; gbogbo ohun tó fi ń tọ́jú ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fi máa mọ ọmọ fáírọ́ọ̀sì, títí inú rẹ̀ yóò fi kún, tí èròjà kan yóò dá ògiri rẹ̀ lu, tí yóò bẹ́, tí àwọn ọmọ náà yóò sì tú síta lọ wá bakitéríà mìíràn. Èyí tí wọ́n ń pè ní T4, tó ń gbé inú bakitéríà E. coli, lè parí gbogbo iṣẹ́ yìí láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì jáde láti inú bakitéríà kan ṣoṣo. Níbo ni jíjẹ wà nínú èyí?

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ẹ̀dá náà lórúkọ ti rí ìbéèrè yìí. Onímọ̀ bakitéríà kan, Frederick Twort, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1915, ṣùgbọ́n Félix d'Hérelle, ní ilé ìwádìí Institut Pasteur ní Paris, ló fún un ní orúkọ "bacteriophage" ní 1917. Ó so ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí jíjẹ mọ́ bakitéríà, ó sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe fífi ẹnu jẹ ni òun ní lọ́kàn, bí kò ṣe kí ẹ̀dá kan máa fi ẹ̀dá mìíràn gbèrú. Ẹ wá wo bí "jẹ" ti Yorùbá ti gba ìtumọ̀ yìí láìsí wàhálà. À ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ogún, à ń jẹ èrè, eyín kò sì kan ọ̀kankan nínú wọn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lójú tèmi ni "ajẹ́lẹ̀", bí ìtúpalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe fún un, ìyẹn a-jẹ-ilẹ̀, bá tọ̀nà. Ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn ń rán lọ sí àwọn ìlú Èkìtì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kì í bu ilẹ̀ sẹ́nu. Ó kàn wọ ìlú, ó jókòó, ìlú sì ń ṣiṣẹ́ fún un, ìṣákọ́lẹ̀ ń wọlé, títí ọ̀rọ̀ fi di ogun Kírìjì. Bakitéríà náà máa ń ṣọ̀tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè yí ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ padà kí ìrù fáírọ́ọ̀sì má rí ibi dì mú mọ́, èyí sì wà lára ìdí tí wọ́n fi ń po oríṣi méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.

"Apabakitéríà" kò lè dúró nípò yẹn, nítorí pé ilé oògùn gbogbo ti kún fún oògùn apabakitéríà tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì bakitéríà ló ń pa bakitéríà tó wọ̀. Àwọn kan máa ń fi ohun àjogúnbá wọn pamọ́ sínú ti bakitéríà, tí wọ́n á jọ máa gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Irú wọn kọ́ ni wọ́n ń wá fún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé gbọ́dọ̀ gbà wọ́n.

Àtakò kan ṣoṣo tó dẹ́rù bà mí ni ti àmì. Ohùn àárín kì í gba àmì, nítorí náà ẹni tó bá kọ "àjẹ́" láìfi àmì ohùn sí i, "ajẹ" ló kọ yẹn. "Ajẹ bakiteria" nínú ìwé ilé ìwòsàn lè lé aláìsàn gba orí òkè àdúrà lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ohun tí mo rò pé ó lè gbà wá ni kí á má ṣe pín in sí méjì láéláé, kí á sì máa kọ "fáírọ́ọ̀sì ajẹbakitéríà" níbi tó bá ti kọ́kọ́ jẹ yọ nínú ìwé, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ "fáírọ́ọ̀sì" níwájú kó tún máa ro ti àjẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà nínú ìwé ẹ̀gbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá a jà lé lórí, tí mo sì gbà pé wọ́n léwu ju orúkọ fáírọ́ọ̀sì lọ. Àkọ́kọ́ ni "àkóràn eegun". Ohun tí ẹnìkan ń kó ran ẹlòmíràn ni àkóràn, bí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti kọ́lẹ́rà. Ẹni tí eegun rẹ̀ kẹ̀ kò kó o báyìí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kadà gbá a, eegun rẹ̀ yọ síta, iyẹ̀pẹ̀ wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé bakitéríà bá irin tí wọ́n fi tò ó wọlé. Nínú ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó lè jẹ́ Salmonella tó gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá eegun. Bí a bá sọ fún àwọn ará ilé pé àkóràn ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, wọn yóò ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn ìyá wa sì ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: egbò kẹ̀. Eegun kíkẹ̀ àti oríkèé kíkẹ̀ tó wa.

Èkejì ni "bakitéríà kògbóògùn". Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìwé atúmọ̀ nìkan, kò sí àléébù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún gbọọrọ ni rédíò ti fi "àrùn kògbóògùn" so mọ́ éèdì, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò gbà pé wọ́n ti ní kí òun máa lọ sílé lọ kú. Ohun tí à ń sọ kò le tó bẹ́ẹ̀: àwọn oògùn kan pàtó ni bakitéríà yìí ti borí. Mo fara mọ́ "bakitéríà tí apá oògùn kò ká". Ó gùn, àmọ́ ó fi àyè sílẹ̀ pé apá ohun mìíràn lè ká a. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí àwọn dókítà rẹ̀ kọ̀wé jáde lé lórí ní 2022, bá èyí mu gẹ́lẹ́. Klebsiella pneumoniae tí apá oògùn kò ká wà níbi tí eegun itan rẹ̀ ti dá, ó sì ti lo oògùn apabakitéríà fún ohun tó lé ní 700 ọjọ́. Ajẹbakitéríà kan wá láti ilé ìwádìí Eliava ní Tbilisi, ní ilẹ̀ Jọ́jíà, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi bakitéríà aláìsàn náà fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Wọ́n lò ó pọ̀ mọ́ oògùn apabakitéríà, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yá. Oògùn tí apá rẹ̀ kò ká a nígbà tó dá wà ṣì wúlò nígbà tó rí alábàáṣe.

Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ohun yíyọ̀ tí bakitéríà ń fi bo ara wọn lórí irin àti lórí eegun tó ti kú, tí kì í jẹ́ kí oògùn dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Ó jọ ohun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú àmù tí a kò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ìbora yíyọ̀" ni mo ń lò fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn amọ̀kòkò tàbí àwọn apẹja ń pè é jọ̀wọ́ ràn wá lọ́wọ́.

Ó ku "ìwòsàn" tó wà lára àkọlé ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa yọ ọ́, kí ẹ fi "ìtọ́jú" rọ́pò rẹ̀. Láti 1923 ni ilé ìwádìí Eliava ti wà, wọ́n sì ń lo ajẹbakitéríà níbẹ̀ bí oògùn. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, òfin gbà kí apòògùn pò ó fún aláìsàn kan pàtó bí dókítà bá kọ ọ́. Ní ilé ìwòsàn Croix-Rousse ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, oníṣẹ́ abẹ ti máa ń la oríkèé àtọwọ́dá, yóò fọ inú rẹ̀, yóò sì da ajẹbakitéríà sí i láìyọ irin náà. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà àti ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò tíì fọwọ́ sí ọ̀kankan fún títà bí oògùn ènìyàn, púpọ̀ nínú ohun tí a sì mọ̀ wá láti ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí gbogbo ọ̀nà mìíràn ti dí mọ́. Ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi àkọlé ṣèlérí fún.

Bí mo ṣe máa kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìwé náà rèé, ẹ gé e bó ṣe wù yín: "Eegun yín ti kẹ̀, bakitéríà tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí apá oògùn kò ká mọ́. A fẹ́ lo fáírọ́ọ̀sì ajẹbakitéríà pẹ̀lú oògùn yín. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í wọ inú ẹ̀yà ara ènìyàn láti bí sí i. Bakitéríà tí a rí lára yín ni a fi yàn án, òun ló sì mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó ràn yín lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó má tó."