Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ọmọ fẹ́ ya fíìmù, ìtàn àdúgbò ò jáde

Tíṣà Ẹ̀gbá: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́òkúta ni mo wà. Àwọn ọmọ 11 ni mò ń kọ́ ní fíìmù yíyà lọ́jọ́ Sátidé, fóònù mẹ́ta la sì ní. Mo ní kí wọ́n wá ìtàn àdúgbò wá, ẹni mẹ́sàn-án ló kọ ti ajínigbé àti ògùn owó. Mo bá kó wọn lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ, sọ́dọ̀ ìyá aláró kan. Kí a tó yọ fóònù, ìyá ti fi ọ̀rọ̀ oníbàárà kan pa wá lẹ́rìn-ín. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ní, "Mà, ẹ sọ ìtàn àdìrẹ fún wa," ìyá tún gèlè ṣe, ó jókòó ṣánṣán, ó ní, "Àdìrẹ jẹ́ àṣà ilẹ̀ wa." Ó parí! Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì sì bo èyí tó sọ náà mọ́lẹ̀. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ọmọ Aláró: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè yẹn ló bà á jẹ́. Aláró ni màmá tèmi n'Íbàdàn. Ẹ ní kó sọ ìtàn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, kí ẹ tọ́ka sí ilà kan, kí ẹ ní, "Màmá, kí lèyí?" Á ní òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn ni, Ìbàdàndùn laṣọ ọ̀hún ń jẹ́. Ibẹ̀ ló máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó tó sá lọ. Ẹ̀yin ni ẹ máa bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.

Oníkámẹ́rà: Ohùn lẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Àwòrán tó ṣú díẹ̀, èèyàn á fara dà á. Èyí tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ẹ fi fóònù kan yàwòrán, kí ẹ gbé èkejì sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kó máa gba ohùn. Kí ọmọ kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí àtẹ́wọ́ yẹn bá ti dún lẹ máa fi so ohùn mọ́ àwòrán. Kí wọ́n ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa, kí ìpè má báa já fíìmù sí méjì. Kí wọ́n gbé fóònù ní ìbú, kì í ṣe ní òòró. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ọwọ́ ìyá dáadáa, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá a, kí wọ́n má fìka fa àwòrán. Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ lọ kí ọjà tó gbóná.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ gba àyè lọ́wọ́ ìyá ṣá? Ní àdúgbò wa, ọmọ kan gbé bàbá àgbà tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sórí TikTok, díẹ̀ ló kù kí àwọn ọmọ bàbá fọ́ fóònù rẹ̀. Kí ìyá kọ́kọ́ wò ó. Ẹ mú nǹkan dání náà o, ọjà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń dá yín lóhùn.

Àgbà Òǹwòran: Èmi ò ní kí wọ́n pa ti ajínigbé tì. Ọ̀rọ̀ àjẹ́ kọ́ ni Ògúndé fi ṣe fíìmù Aiyé ní 1979? Ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni wọn ò gbà mọ́ tí wọ́n bá ń ti iléèwé bọ̀, kí wọ́n lọ ya ọ̀nà náà. Ìtàn àdúgbò nìyẹn.

Tíṣà Ẹ̀gbá: Ẹ ṣé gan-an. A padà lọ lánàá, aago méje àárọ̀. Èyí tó kéré jù ló béèrè ìdí tí èékánná ìyá fi dúdú. Ìyá ní lọ́jọ́ ìyàwó òun, òun fi ọsàn wẹ́wẹ́ họ ọwọ́ títí, aró ò kúrò. Ni ìyá ọkọ òun bá ní kí òun má bò ó mọ́, kí àlejò rí i pé ẹni tó mọṣẹ́ ni wọ́n gbé wọlé. Ìṣẹ́jú 14 la gbà! A fẹ́ gé e kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sọ́mọ tó gbà ká yọ nǹkan kan.

Oníkámẹ́rà: Kí kálukú mú ohun kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ kúrò. Ìyókù, ẹ gé e.