Ẹsẹ̀ adìẹ mi wú o, ẹ gbà mí!

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Adìẹ mi pupa, èyí tó máa ń yé jù nínú wọn, ti ń tiro láti àná. Mo gbé e wò: àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wú roboto, èépá dúdú kan sì wà láàárín bí orí ìṣó. Àwọn ìbejì ti ń sunkún. Abẹ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣé kí n gé e?

Bàbá Olóko (Houston): Ẹ gbé abẹ sílẹ̀! Bumblefoot nìyẹn, àrùn tó ń mú àtẹ́lẹsẹ̀ adìẹ wú tó sì ń gbọyún. Bí èmi náà ṣe gé ti àkọ́kọ́ nìyẹn, mi ò rẹ ẹ́ sómi, mi ò wọ ìbọ̀wọ́. Adìẹ yè, ìka tèmi ló wá wú. Staphylococcus, kòkòrò àrùn tó wà níbẹ̀, ń ran èèyàn o. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti iyọ̀ Epsom (kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀) ni kẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́, ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí èépá yẹn rọ̀. Kì í ṣe nínú abọ́ tẹ́ ẹ fi ń fọ ìrẹsì o.

Àǹtí Peckham: Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó lójú, á dákẹ́. Ìpara lèmi fi ṣàṣìṣe tèmi, èyí tí wọ́n fi oògùn apàrora sí. Dókítà ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá kọ "caine" sí lára, n kò gbọdọ̀ fi kan adìẹ láìbéèrè. £60 fún adìẹ tí mo ra ní £15!

Ṣọlá Manchester: Kí lẹ ń gé kiri? Ẹ máa rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ máa fi áyódíìnì sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tèmi jinná, n kò fọwọ́ kan abẹ.

Bàbá Olóko (Houston): Tiyín ò tíì wọnú ni. Ọyún adìẹ kì í ṣàn bíi tèèyàn, dídì ló ń dì bíi wàràkàṣì. Omi iyọ̀ wo ló fẹ́ dé ìdí ẹ̀?

Ṣọlá Manchester: Ẹ wá ní kí ẹni tí kò gbẹ́ egbò rí lọ gbẹ́ ẹsẹ̀ ohun ẹlẹ́mìí! Dókítà ló ń ṣe ìyẹn, òun náà ló ń kọ antibáyótíìkì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Tó bá sì kọ ọ́, ẹ má jẹ ẹyin ẹ̀ títí ọjọ́ tó dá yóò fi pé.

Bàbá Olóko (Houston): Ìyẹn lóòótọ́. Níbí náà, láti 2023 a ò lè kàn wọ ṣọ́ọ̀bù ká mú antibáyótíìkì ẹran lórí àtẹ mọ́.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Mo ti rẹ ẹ́, mo ti fi báńdéèjì wé e dáadáa. Àmọ́ kí ló dé tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ fi tutù?

Àǹtí Peckham: Ẹ TÚ U! Ẹ ti fún un jù! Ẹ gba àárín ìka wé e, kó dẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀.

Bàbá Olóko (Houston): Igi tí wọ́n ń sùn lé ńkọ́? Tèmi ga tó èjìká mi, orí kọnkéré ni wọ́n sì ń fò sí. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí bíi 45 cm, mo da koríko gbígbẹ sílẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn (Chicago): Ìkòkò ni dókítà témi mọ̀. Ata rodo, àlùbọ́sà, ara á yá.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti kà á. Ẹ ti dá ogun sílẹ̀ nílé mi.

Ọmọ Ìbàdàn (Chicago): Ẹ má bínú, ìyá wa. Ẹ fún un ní àṣẹ́kù àmàlà, kó lágbára.

Ṣọlá Manchester: Ní UK ńkọ́? Ohun tó bá ti inú kíṣìnnì wá, òfin ò gbà kádìẹ jẹ ẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn (Chicago): Háà! Ẹ kó wá sí Chicago. Àmàlà tiwa dúdú minijọ.

Bàbá Olóko (Houston): Àmàlà Chicago? Ẹ̀yin tí yìnyín bo orí òrùlé yín? Houston lẹ ti máa jẹ àmàlà.

Àǹtí Peckham: Peckham ń gbọ́ yín, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ìbàdàn (Chicago): Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ló ń wé ẹsẹ̀ adìẹ nílé? Orí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ni tìyá mi ń sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, ìyá á fọ́n àgbàdo sílẹ̀, wọ́n á sáré dé. Òwúrọ̀ mìíràn, ariwo yẹn ni mo máa ń rò pé mo gbọ́.

Ṣọlá Manchester: Tiwa, abẹ́ àgò ni. Èmi ni mo máa ń ṣí i kí n tó lọ ilé ìwé.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Mo ti tún un wé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gbóná padà. Àmọ́ èépá yẹn ò tíì rọ̀ o. Ṣé kí n tún rẹ ẹ́ lálẹ́ ni, àbí kí n pe dókítà?

Àǹtí Peckham: Ẹ dúró ná. Ṣọlá, ibo lo ti ń ra èlùbọ́ ní Manchester?